Ẹ̀rọ Méjì Olóhùn Kan

Lọ́jọ́ tí Wẹ́dà fi ṣọ́bìrì fọ́ gíláàsì káńtà àbúrò rẹ̀ obìnrin, kì í ṣe pé ó wá jà. Ọjà ló wá rà. Àmọ́ ọkùnrin náà, bí inú bá ti bí i, ọwọ́ rẹ̀ a máa ṣáájú ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"O ní ẹ̀rọ yẹn ti dé!" ló ń pariwo. Àfọ́kù ti tú ká sórí àwọn bátìrì àti okùn tó wà lábẹ́ káńtà. "Ìjẹta o ní orí omi ló wà. Lónìí o ní èbúté ló wà. Ṣé èbúté ló bí i ni, tí kò fi lè fi ibẹ̀ sílẹ̀?"

"Bọ̀dá Wẹ́dà, ẹ gbé ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀."

"N ò gbé e sílẹ̀!"

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá obìnrin náà níbi tí àfọ́kù kan ti fò lé e. Kò ké. Ó fi àkísà wé ojú ibẹ̀, ó sì mú ìgbálẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é nílé, torí òun ló kẹ́yìn ikùn ìyá wọn. Ẹni tó bá dàgbà sáàárín ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì tó ń fi ìgbájú kí ara wọn káàárọ̀, gíláàsì tó fọ́ kì í ṣe ohun tó ń já a láyà.

Ẹ̀rọ awárin, èyí tó ń ké bó bá gbọ́ òórùn irin nínú ilẹ̀, ló ń tà. Àwọn tó ń bá a rajà kì í ṣe awakùsà, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ni, tó kàn jẹ́ pé ohun tó ń dá wọn lára yá ni kí wọ́n máa rìn nínú pápá lọ́jọ́ ìsinmi, kí wọ́n máa fi abọ́ ẹ̀rọ ra orí ilẹ̀, kí ẹ̀rọ ké, kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n bá ìdérí ìgò, kí wọ́n bú ìdérí ìgò náà tìyátìyá, kí wọ́n sì tún tẹ̀ síwájú. Bó bá wá di ọjọ́ kan tí wọ́n rí owó àtijọ́ kan tó ti dípẹtà, inú wọn á dùn bíi ti ẹni tó bí ìbejì.

Ẹ̀rọ tuntun tí gbogbo wọn ń béèrè ni wọ́n sọ ní Olóhùn-Púpọ̀. Ó ń wọ omi. Ó mọ wúrà yàtọ̀ sí pàǹtí. Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ó lè pa ohùn dà: bí ẹ̀rọ ẹlòmíràn bá ń dí i lọ́wọ́ nínú pápá, èèyàn á tẹ bọ́tìnì kan, á bọ́ sórí ohùn mìíràn, wàhálà tán. Ti àtijọ́, Olóhùn-Kan, kò mọ̀ ju ohùn tí wọ́n dá mọ́ ọn lọ. Gbé méjì rẹ̀ sún mọ́ra, wọn á máa ké mọ́ra wọn bí ológbò méjì lórí òrùlé kan, láìsí irin kankan nílẹ̀.

Ọkọ̀ tó kó Olóhùn-Púpọ̀ ti gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n alágbàtà kò gbé fóònù mọ́. Nígbà tó fi máa gbé e, ó ní òun kì í tú àdìpọ̀: ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ á gba báàgì, á gba hẹ́dífóònù, á gba fìlà mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó ní fìlà ti dé, ẹ̀rọ ni kò tíì dé. Báyìí ni páálí fìlà ṣe kún yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù títí kan àjà, tí kò sí orí tí wọ́n fẹ́ dé e fún.

Bó bá ṣe ti ọjà nìkan ni, Àbígbẹ̀yìn ì bá rẹ́rìn-ín. Ti ìyá wọn ló ká a lára.

Òrùka ìgbéyàwó ìyá wọn bọ́ sọnù nínú pápá ẹ̀yìn ilé nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ńlá kan tó dá dúró láàárín pápá. Ní báyìí, wọ́n ti ta pápá náà, katakata á sì wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ ajé. Màmá pe ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n jọ lọ wá a. Bí wọ́n bá rí i, kò burú. Bí wọn ò rí i, kí wọ́n ṣáà jọ padà wọlé tọ̀ mí wá. Ìjọ-wọlé yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí kí n tó kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, torí Káfíńtà, tó jẹ́ àkọ́bí, àti Wẹ́dà, tó tẹ̀ lé e, kì í jókòó sínú yàrá kan náà mọ́. Owó fàdákà kan ni wọ́n rí nínú pápá nígbà kan, láàárín ibi méjì tí kálukú dúró sí. Káfíńtà fi ìdí ṣọ́bìrì fọ́ egungun ìhà àbúrò rẹ̀. Wẹ́dà náà fi eyín já ṣóńṣó etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ nù. Bí ọ̀kan bá ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé kí Màmá, èkejì á gba ti ẹ̀yìn jáde. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Àwọn méjì yìí ò gbọ́ òwe náà dópin.

Àbígbẹ̀yìn kúnlẹ̀ fún ọ̀kan, ó kúnlẹ̀ fún èkejì. Wọ́n gbà, torí Màmá. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ.

Ìdí rèé tí Wẹ́dà fi ń béèrè Olóhùn-Púpọ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. Olóhùn-Kan méjì péré ló sì kù lórí pẹpẹ. Páálí wọn ò jọra: àdìpọ̀ odò ní abọ́ kékeré àti hẹ́dífóònù tí omi kì í bà jẹ́, àdìpọ̀ pápá ní abọ́ ńlá, ọ̀pá ìtọ́ka, àti ṣọ́bìrì kékeré tó léyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ayùn, èyí tí wọ́n fi ń gé gbòǹgbò. Páálí lásán ló yàtọ̀. Ohùn kan náà ni.

Àbígbẹ̀yìn mọ̀. Ohun tó rò ni pé òun á fún kálukú ní ọ̀kan, òun á sì pín pápá sí méjì fún wọn, kálukú á sì gbọ́ràn. Ó sọ fún Káfíńtà nínú ìsọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń fá pákó:

"Bọ̀dá mi, apá ọgbà ni tiyín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ Bọ̀dá Wẹ́dà."

Káfíńtà dá ọwọ́ dúró. "Òun ló ní kí o wá sọ fún mi?"

"Rárá o, ẹ̀rọ yẹn ló..."

"Mo ti gbọ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo ti gbọ́."

Ó sọ fún Wẹ́dà náà, tìyẹn sì ń fọ́n iná jáde lójú irin. "Ẹ má sún mọ́ Bọ̀dá mi àgbà o."

"Ẹ̀hẹ́n! Ó ti rà ọ́ pa. Ṣé mò ń rùn ni?"

Bó bá ṣe pé ó kó àwọn méjèèjì dúró síwájú ara wọn, tó tan ẹ̀rọ méjèèjì, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ igbe náà, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń kó ẹni méjì tí kì í dúró pọ̀ dúró pọ̀? Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló sọ, ọ̀rọ̀ èébú ni kálukú gbé lọ sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ náà mọ́ kedere. Àbígbẹ̀yìn jókòó sẹ́nu géètì pápá, ó ń wo àwọn méjèèjì lókèèrè bí ẹni ń wo ìkòkò tó wà lórí iná. Káfíńtà ń lọ ń bọ̀ lẹ́bàá ọgbà pẹ̀lú abọ́ ńlá, ṣọ́bìrì eléyín nínú bẹ́líìtì rẹ̀. Wẹ́dà wà lápá odò tó wà lódìkejì pápá. Hẹ́dífóònù bo etí àwọn méjèèjì pinpin. Òòrùn ń gòkè, inú obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó tiẹ̀ ń ro bí Màmá á ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá jọ wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bá igi ni Màmá ní òrùka bọ́ sí, àárín pápá sì ni igi wà. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi igi sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ bọ̀, bí ajá méjì tó ń díbọ́n pé àwọn ò rí egungun.

Ẹ̀rọ Káfíńtà ké. Ó gbẹ́lẹ̀, kò bá nǹkan. Ó tún ké, ó tún gbẹ́ ẹ, erùpẹ̀ lásán. Nígbàkígbà tó bá kọ abọ́ rẹ̀ sápá ibi tí àbúrò rẹ̀ wà, igbe náà á le sí i. Ti Wẹ́dà náà ń ké bákan náà, ó sì ń ṣépè sí i. Wẹ́dà wá kúnlẹ̀, ó wú ìdérí ìgò kan nínú koríko, ó jù ú sínú àpò ìbàdí rẹ̀, torí láàárín àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá irin, ẹni tó bá wú pàǹtí tí kò kó o lọ, ọ̀bùn ni wọ́n ń pè é. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ Káfíńtà lọgun bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Ó gbójú sókè, ó rí i pé àbúrò òun ti ju nǹkan sápò.

Ó ju ẹ̀rọ sílẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn ti dìde. "Bọ̀dá! Ẹ̀rọ ni o! Ẹ̀rọ ló ń ké mọ́ra wọn!" Ó ń sáré, ó ń ké títí ọ̀fun rẹ̀ fi ń ta á. Etí wọn ti dí.

Káfíńtà gbá àpò ìbàdí náà mú látẹ̀yìn, ó sì fà á. Wẹ́dà ṣubú, hẹ́dífóònù já bọ́ lórí àwọn méjèèjì.

"Kó o síta!"

"Kí ni kí n kó síta?"

"Òrùka ìyá mi, olè!"

"Ìyá tìrẹ nìkan?" Wẹ́dà fi orí kàn án nímú, egungun imú ró bí igi gbígbẹ, ẹ̀jẹ̀ sì bo ẹnu àti àgbọ̀n Káfíńtà. Ó tún gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, ó tún gbá a lọ́fun. "Ìwọ àgbàlagbà òṣì! Ta ni o ń pè lólè?"

Káfíńtà fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń lu orí rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi. Wẹ́dà bu yẹ̀pẹ̀ sí i lójú, ó ta á dànù, ó fò dìde. Ọwọ́ Káfíńtà wá ìdí bẹ́líìtì kiri, ó fa ṣọ́bìrì eléyín yọ, ó sì fì í láìríran. Wẹ́dà gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti fi gbà á.

Igbe tó ké kò jọ igbe èèyàn.

Àbígbẹ̀yìn dé bí Káfíńtà ti ń fì ṣọ́bìrì náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó já sáàárín wọn. Irin náà bà á lọ́rùn ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ bí egungun ṣe kán. Ó ṣubú lé ẹ̀rọ àwọn méjèèjì, tí wọ́n ṣì ń ké nínú koríko bí ẹni pé wọn ò tíì rí ìjà tó. Ọwọ́ tó kù fún un ló fi wá bọ́tìnì ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́.

Èkejì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ara wọn ni wọ́n ń gbọ́," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ohùn kan náà ni wọ́n ní. Kò sí òrùka níbì kankan."

Káfíńtà tú àpò ìbàdí àbúrò rẹ̀ dà sílẹ̀. Ìdérí ìgò. Ìṣó tó ti dípẹtà. Ìdérí ìgò. Ó wo ọwọ́ Wẹ́dà, ó wo ṣọ́bìrì, ó sì kúnlẹ̀. Ẹni tó jáde nílé wá òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tú koríko wá ìka méjì tí ṣọ́bìrì gé lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó ń sunkún, ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ ń kán sí gbogbo ibi tó ń wò.

Ó rí méjèèjì. Ó fi fìlà orí rẹ̀ dì wọ́n. Ní ilé ìwòsàn, dókítà wò wọ́n, ó mi orí. Eyín ṣọ́bìrì náà ti fà wọ́n ya jù.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Wẹ́dà. Àbígbẹ̀yìn fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ti fi nǹkan funfun líle di ọwọ́ rẹ̀. Káfíńtà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta. Ibẹ̀ ló sùn, kò sì jẹ́ kí wọ́n tọ́jú imú òun. Ọlọ́pàá kan wọlé, ó ní kí Wẹ́dà sọ ẹni tó ṣe é.

"Ẹ pè é wọlé ná," ni Wẹ́dà wí.

Káfíńtà wọlé. Ojú rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tó rì sínú omi.

"Ẹ jókòó síbí. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ tún sún mọ́ mi."

Káfíńtà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wẹ́dà fi ọwọ́ òsì gbé kọ́ọ̀pù irin tó kún fómi, ó sì gbá a lẹ́nu pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀. Omi tú dà sára Màmá. Eyín kan bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọlọ́pàá sáré wọ àárín wọn, ṣùgbọ́n Káfíńtà kò gbé ọwọ́ sókè, kò sì dìde.

"Kò sí ẹni tó ṣe mí ní nǹkan kan," Wẹ́dà sọ fún ọlọ́pàá, ó ń mí gúlegúle. "Ṣọ́bìrì ló yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ máa lọ."

"Kí ló wá dé tí o fi gbá a báyìí?" ni ọlọ́pàá bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ máa lọ, sà."

Ọlọ́pàá wo ojú Màmá. Màmá ń fi etí aṣọ nu omi lójú ara rẹ̀. "Ọmọ mi," ló ní, "wọ́n ti wà nínú yàrá kan. Bá mi pa ilẹ̀kùn yẹn dé bí o bá ń jáde."

Ilẹ̀kùn pa dé. Káfíńtà tu ẹ̀jẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Ṣé wàá tún gbá mi sí i?" ló béèrè.

"Ó di ọ̀la. Ọwọ́ òsì ti ń ro mí."

"Kò burú," ni Káfíńtà wí. "Mi ò kúrò níbí."