Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Fi Ṣe Ẹlẹ́rìí

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo aránṣọ ń pe obìnrin náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú, nítorí náà kò sẹ́ni tó tún wádìí orúkọ mìíràn. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà tó pinnu pé òun máa ra alùpùpù. Kò gùn ún rí láyé rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹlòmíràn pàápàá, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó sí i.

Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Igi ni wọ́n fi kan àpótí náà. Súpánà, ìgò òróró, bẹ́líìtì àti àwọn irin wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká ọ̀tún obìnrin náà fi wálẹ̀ ju ti òsì lọ. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ò fẹ́ràn rẹ̀. Òmíràn á ní kó sanwó èèyàn méjì, òmíràn á wo àpótí, á wo ẹni tó gbé e, á sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, àárín ìgboro ni ilé ìránṣọ pọ̀ sí, ó lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ṣùgbọ́n owó ilé ti lé wọn lọ sí ẹ̀yìn ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, yàrá ìránṣọ ọsibítù ńlá ránṣẹ́ pè é pé ẹ̀rọ mẹ́ta ti dákẹ́. Ọkọ̀ méjì ló wọ̀, ọ̀kan bàjẹ́ lọ́nà. Nígbà tó fi máa dé, oòrùn ti kan àtàrí, ọkùnrin kan sì ti ń nu ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kẹta. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n fún un lómi mu. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló gbọ́ pé bàbá kan tó ti ń pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì fẹ́ ta alùpùpù wọn. Orúnkún bàbá ò gbà mọ́. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi tapólì bò ó. Wọ́n ṣí i, wọ́n fẹsẹ̀ ta á, ó dáhùn. Abẹ́rẹ́ tẹ́tí sí i bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wá ní ó jọ pé ṣéènì rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin mẹ́rin ló ti wá wò ó ṣáájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa fi ọ̀dà kùn ún ni gbogbo wọn ń bi àwọn. Wọ́n ní àwọn á fi pa mọ́ dè é, kó lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Sísọ yẹn ló di wàhálà. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, kì í pariwo. Ó mú bébà kan, ó fi ìlà pín in sí méjì, ó kọ ewu sí ọ̀tún, ó kọ èrè sí òsì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kún, ó yí bébà sẹ́yìn, ó ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló wà ní òsì, ó ní òun ò tíì débẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, aránṣọ kan tí wọ́n jọ dàgbà, ní ṣé ó fẹ́ kí ayé máa sọ pé ọkọ rẹ̀ ò lè tọ́jú rẹ̀ ni. Ó ní obìnrin tó ti di ìyá ìyàwó, tó wá fẹ́ máa la ẹsẹ̀ lé irin láàárín títì, kí ló fẹ́ máa wọ̀?

"Ṣòkòtò," Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn. "Ìwọ lo sì máa rán an."

Ọ̀rọ̀ náà ò pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ti ọkọ àti ti ọ̀rẹ́, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá, ìyá tó bí Abẹ́rẹ́. Màmá ní kí gbogbo wọn wá bá àwọn ní yàrá àwọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí kékeré. Ọdún kọkànlá rèé tí òun àti ọkọ̀ akẹ́rù kan ti kọlu ara wọn nígbà tó ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ náà, irin wà nínú rẹ̀, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gé báyìí, nítorí iṣẹ́ ìjókòó ni.

Màmá ò ṣe àlàyé rẹpẹtẹ. Wọ́n nawọ́ sí ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ rèé. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa kó o tó lanu."

Ó wò ó. Gbogbo wọn wò ó. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ń wo ilẹ̀. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún awakọ̀ akẹ́rù náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bá délẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ò tó, ọ̀nà rẹ̀ ò ní gún láéláé. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ní oníbàárà ń dúró de òun ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì jáde láìsọ ohunkóhun nípa alùpùpù.

"Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín," Abẹ́rẹ́ ní. "Màá rà á."

Màmá ní kò burú, ọmọ tó bá ti dàgbà ò ṣeé so mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó má gbé irin náà wá sí ojúde àwọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rà á. Níwọ̀n bí kò ti mọ̀ ọ́n gùn, ó ń tì í bọ̀ wálé bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rí i, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ jáde wá ṣí géètì fún un, kò bá a tì í, ó padà lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé.

Ilé iṣẹ́ bíríkì kan tó ti kógbá wọlé wà lẹ́yìn àdúgbò wọn, àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ara rẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ó fẹ́ fi pa mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé omi gbígbóná àti aṣọ kékeré wá bá a. Ó dá Abẹ́rẹ́ lójú pé ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bébà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ dídún ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó dúró wò ó títí ẹ́ńjìnnì fi kú lẹ́ẹ̀mejì.

"Kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì rẹ yẹn kì í ṣe ewé tí wọ́n ń já," ó ní. "Rọra jọ̀wọ́ rẹ̀, bí ìgbà tó o bá ń gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wá. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà láìwo ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọrí sí ibi tí wọ́n ń lọ tí wọn ò ní tẹjú mọ́ kòtò. Ṣùgbọ́n kó tó gbà kó gun orí rẹ̀, Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ bíréèkì wò, ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, nígbà mẹ́wàá. Yóò tì í síwájú, yóò tẹ bíréèkì, yóò tún tì í. Nígbà tí èyí di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sú Abẹ́rẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lánàá."

"Àná kọ́ lo fẹ́ gùn ún."

"Ẹ̀rù ti bà yín jù, ẹ dákun."

Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí bíríkì tí wọ́n tò kalẹ̀. Ó gbé ọ̀pá lé itan.

"Kì í ṣe ẹ̀rù," ó ní. "Bíréèkì mi ò mú lọ́jọ́ yẹn. Mo sì mọ̀ pé kò mú kí n tó kúrò nílé."

Abẹ́rẹ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Okùn bíréèkì náà ti ń tú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lójoojúmọ́ ló ń sọ pé tó bá di ọ̀la òun á pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù náà dúró ní oríta bó ṣe yẹ kó dúró. Òun ni kò lè dúró, òun ló lọ fi ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó máa lajú ní ọsibítù, Màmá ti ń ṣépè fún awakọ̀, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ sì ti lé ọkùnrin náà. Ìrora ò kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó di oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ó di ọdún.

"Mi ò purọ́ o," ó ní. "Mo kàn dákẹ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ni ẹ ń fi ṣe ẹlẹ́rìí, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó rí."

Inú bí Abẹ́rẹ́. Ó rántí pé awakọ̀ náà wá sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọsàn sínú ọ̀rá, Màmá sì lé e títí dé ẹnu ọ̀nà. Òun náà bá wọn lé e. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò sí bí òun ṣe fẹ́ gba ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti jáde, ṣùgbọ́n òun ò ní lè jókòó sínú yàrá yẹn mọ́ kí wọ́n tún máa ṣépè. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ̀. Ó ní ìdí tí òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ fún Màmá. Aṣọ ni Màmá ń ká. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, kò fi àbùlà kan kún un. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Màmá ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká.

"Ọdún mọ́kànlá," wọ́n ní, "ni mo fi ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ." Wọ́n gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Ṣé ó wà láàyè?"

Ẹ̀gbọ́n ní òun ò mọ̀.

"Ẹ wá a rí."

Fún oṣù kan gbáko, Màmá ò bá ọmọ wọn ọkùnrin sọ ju "o káàárọ̀" lọ. Kò sì sẹ́ni tó tún rántí bá Abẹ́rẹ́ jà nítorí alùpùpù. Ọ̀rọ̀ ńlá ti gbé kékeré mì.

Abẹ́rẹ́ ti yege nínú ìdánwò àwọn awakọ̀ nígbà náà, ó ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ó fi rọ́bà so àpótí mọ́ ẹ̀yìn, ó dé akoto sórí, ó ń ṣiṣẹ́ kiri. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó ń gba ọjọ́ méjì tẹ́lẹ̀, ìdajì ọjọ́ ló fi ń ṣe é. Ibikíbi tí àwọn akẹ́rù bá ń gúnlẹ̀ sí lójú ọ̀nà rẹ̀, á yà síbẹ̀, á béèrè awakọ̀ náà. Èsì tó ń gbà ni pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, tàbí pé ó ti pẹ́. Ọkùnrin kan tó ń rán ìjókòó ọkọ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń já òwú, ló wá ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ló wà, níparí ọ̀nà, ó ń ṣọ́ géètì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ti alùpùpù fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó rẹ̀. Kò tíì gun ọ̀kan láti ọdún mọ́kànlá. Abẹ́rẹ́ ò kán an lójú. Ó de ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó ń yẹ bíréèkì wò títí Ẹ̀gbọ́n fi gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó di Abẹ́rẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ẹni gbá òpó mọ́ra títí wọ́n fi débẹ̀.

Irun awakọ̀ ìgbà kan yẹn ti funfun. Ó jókòó sínú ilé kékeré onípákó, ó ń kọ nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé sínú ìwé. Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dá mọ̀ kó tó dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ ohun tó bá wá, ó sì bẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ kan fun fèrè, ọkùnrin náà dìde, ó ṣí géètì, ó kọ nọ́ńbà, ó padà wá jókòó.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣebí èmi ni mo wà nínú ọkọ̀. Mo dúró pátápátá."

Ó ti ìwé nọ́ńbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Iṣẹ́ tí mo pàdánù, èèyàn á rí òmíràn. Ìyàwó mi ni kò gbà mí gbọ́. Ó ní mo ti sùn lọ nídìí ọkọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni. Ó buwọ́ lù ú, Abẹ́rẹ́ náà buwọ́ lù ú. Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀, ó sì dé bọ́tìnnì rẹ̀. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní ọkọ̀ ń bọ̀, kí wọ́n bá òun gbé alùpùpù kúrò lẹ́nu géètì.

Nígbà tí Màmá gbọ́ ibi tó wà, wọ́n ní àwọn máa lọ. Abẹ́rẹ́ ní òun á gbé wọn. Wọ́n wò ó bí ẹni pé ó bú àwọn. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n wọ̀ lọ, méjì ni wọ́n wọ̀ bọ̀. Ó ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó padà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn lómi. Abẹ́rẹ́ bi wọ́n pé kí ni ọkùnrin náà sọ.

Màmá mu omi náà tán kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní ó ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ló bi àwọn bóyá ẹsẹ̀ ọmọ àwọn ṣì máa ń ro ó nígbà òtútù.