Ta Ló Da Omi Sílẹ̀?

Ní oṣù kẹfà ọdún yìí, màmá mi dẹ́kun jíjókòó nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé àga lọ, sábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ló sì ń wà láti àárọ̀ títí òjò á fi lé e wọlé. Bí òjò bá lé e wọlé, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á fi àkísà nu àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, á wá máa wọ́sẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sí yàrá rẹ̀, bí ẹni tó ń kọjá nínú ilé onílé. Bẹ́ẹ̀, owó iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ wà nínú gbogbo búlọ́ọ̀kù ilé yẹn. Bí mo bá rí i báyẹn, inú á bí mi gidigidi.

Ẹ̀gbọ́n mi Akínjídé ló fà á.

Nígbà ọdún tuntun ló wá láti Èkó sí Ìpele, ìlú wa. Ó kó páálí pákó kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì mú òṣìṣẹ́ kan dání, Jonah lorúkọ rẹ̀. Pákó náà fẹ́lẹ́, ó ń dán, wọ́n tẹ àwòrán igi sí i lójú. Bí Jonah bá ti etí ọ̀kan bọ inú èkejì, á dún kọ́, wọn á sì di ẹyọ kan. Irú rẹ̀ ló wà nílẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í ti í sinmi. Ó ní ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì wa tó ti sán ń ti òun lójú bí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá wá kí Màmá.

Táìlì ni èmi àti Màmá ti ń sọ kó tó dé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá kò gbé dáadáa mọ́ láti ìgbà tí àrùn ẹ̀gbà ti kọ lù ú, ilẹ̀ tó sán yẹn sì ń gbé e ṣubú. Bọ̀dá Kàmál, tó ń tẹ́ táìlì ní Ọ̀wọ̀, ti wá wọn pálọ̀ náà. Nígbà tó gbọ́ pé pákó ló dé, ó gun ọ̀kadà wá bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ìyẹ̀fun igi ni wọ́n fún pọ̀ tí wọ́n fi ṣe pákó yẹn. Ẹ jẹ́ kí òjò dé ná, kí ẹ rí bí ilẹ̀ yín ṣe ń ṣe."

"Ṣé o rí omi nílẹ̀ báyìí?"

"Àsìkò ọyẹ́ la wà, sà. Ètè ara wa gan-an ń là."

Jonah bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn. Ọjà ẹ̀ ló fẹ́ tà."

"Kàmál," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "lọ máa tẹ́ táìlì ilé ìwẹ̀. Èyí ju ọwọ́ ẹ lọ."

Bọ̀dá Kàmál wò mí. Mo gbójú sílẹ̀. Èmi ni mo pè é wá ní oṣù kọkànlá, èmi ló sì yẹ kó gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tán lọ́jọ́ kejì, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo pálọ̀ sì dà bí ẹni pé wọ́n da oyin sí i. Mo dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, mo ń wo àjà, mo ń ro ara mi sí ìlú kan tí yìnyín ti ń bọ́, tí obìnrin kan ń kọ lẹ́tà nídìí iná. Títí di òní ni mò ń bínú sí ara mi nítorí ìdùbúlẹ̀ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tó wà nídàálẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Àsìkò ọdún ni wọ́n ń wálé, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ bí egungun. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń kun ilé, tí wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Bí òjò bá dé, wọ́n ti lọ. Àwa tó kù ni a máa ń gbé pẹ̀lú ohun tí òjò bá fi ṣe.

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù karùn-ún, etí àwọn pákó náà ti ń ká sókè. Ní àárín pálọ̀, ó wú bí ẹni pé èèyàn kan sùn sábẹ́ rẹ̀. Òórùn kan wà níbẹ̀ bíi ti aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Lọ́jọ́ Sunday kan, bí Màmá ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ etí pákó, ó sì fi ọwọ́ balẹ̀. Ọrùn ọwọ́ náà wú lójú ẹsẹ̀. Mo ya fọ́tò ọwọ́ àti ilẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Mo ṣí ohùn fóònù sókè kí Màmá lè gbọ́.

"Ta ló da omi sílẹ̀?"

Kò kí wa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bọ̀dá. Màmá ṣubú."

"Mo ti rí i. Mo ní ta ló da omi sílẹ̀? Màmá, ṣé ẹ fi omi fọ ilẹ̀ yẹn?"

Kí n sọ òótọ́, láti kékeré wa, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Màmá máa ń da omi ọṣẹ sí pálọ̀, á fi ìgbálẹ̀ gbá a gba ẹnu ọ̀nà jáde. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ tí omi kò bá kàn, ẹ̀gbin ni.

"Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ mi," ni Màmá dáhùn. "Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìyá fẹ́ wá ṣèpàdé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn! Mo sọ fún yín pé àkísà ni kí ẹ máa fi nù ún. Ẹ ti bà á jẹ́, Màmá. Ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá."

"Má bínú, Jídé. Jọ̀ọ́, má bínú."

Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí ọwọ́ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì, ló ń bẹ ọmọ tó bí. Mo pa fóònù náà kí n má baà sọ ohun tí mi ò ní lè kó padà. Láti ọjọ́ kejì ni Màmá ti gbé àga lọ sẹ́yìnkùlé. Bí mo bá ní kó wọlé, á ní, "Kí n má lọ tún ba èyí tó kù jẹ́." Mo bá a jiyàn títí, kò gbà. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ ló gbà gbọ́.

Ni mo bá lọ sí Ọ̀wọ̀, mo lọ bẹ Bọ̀dá Kàmál. Mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Èmi tí iṣẹ́ ju ọwọ́ mi lọ?" ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè, "Ṣé yàrá kan wà tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ rí?"

Yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi ń sùn sí wà níbẹ̀. Pákó kan náà ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tó ń lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ mi. Nígbà tí a ṣí i, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ká bíi ti pálọ̀. Bọ̀dá Kàmál yọ pákó bíi mẹ́fà. Abẹ́ wọn ti dúdú, ó ti bu. Ó nu sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ gbẹ, ó tẹ́ náílọ́ọ̀nù funfun kan lé e, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ pinpin.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀túnla. Bí omi bá wá láti òkè, orí náílọ́ọ̀nù ló máa wà. Bó bá jẹ́ abẹ́ ló ti wá, ẹ ó rí i."

Lọ́jọ́ tó padà wá, mo di Màmá lọ́wọ́ mú wọ yàrá náà. Orí náílọ́ọ̀nù gbẹ. Abẹ́ rẹ̀ kún fún omi wínníwínní, bí ara ife tí a bu omi tútù sí.

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Ibo ni èyí gbà wọlé?"

"Láti inú ilẹ̀ ni, Màmá," ni Bọ̀dá Kàmál dáhùn. "Nígbà tí ẹ ń kọ́lé, wọn ò tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó ń tẹ́ ẹ láyé ìgbà yẹn. Ilẹ̀ ń mu òjò, ó sì ń mí i sókè. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán, á gbẹ lọ, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Pákó ló bò ó mọ́lẹ̀, pákó ló mu ún yó."

"Kì í ṣe èmi?"

"Kì í ṣe yín rárá, Màmá."

Mo rò pé á sunkún, tàbí pé á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní fóònù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e, èdè Ìpele ni Màmá fi bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti ìgbà tó ń kọ́ kíláàsì ọgọ́ta ọmọ.

"Akínjídé, omi wà lábẹ́ yàrá tí ìwọ fúnra rẹ tì pa. Ta ló dà á síbẹ̀?"

"Màmá, mi ò mọ̀ pé—"

"O ò béèrè! Ẹni tó mọ̀ wá bá ọ, o bú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rákò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú ilé mi. Mo bẹ̀ ọ́, Akínjídé. Èmi bẹ ìwọ!"

Ó dá fóònù padà fún mi. "Ìbílọlá, mú òòlù wá."

Mo fi òòlù tú gbogbo pákó yẹn. Bọ̀dá Kàmál fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Èyí tí mi ò lè tú, mo fọ́ ọ. Ọwọ́ mi bó, mi ò dáwọ́ dúró. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, pákó aláwọ̀ oyin ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ààtàn.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Hamidat tó ń ta táìlì ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti àárọ̀, táìlì ńláńlá tó ń dán bíi dígí. Ó ní òun ló máa ra gbogbo rẹ̀, kí Màmá ṣáà dárí ji òun. Màmá kò wo fọ́tò kankan. Ó ní kí wọ́n tẹ́ oríṣi táìlì mẹ́ta sílẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, èyí tó ń dán, èyí tí ara rẹ̀ kò dán, àti èyí tó rí ṣákaṣàka. Ó wá bọ́ bàtà.

"Ẹ fún mi lómi."

"Omi mímu, Màmá?"

"Ti ilẹ̀ ni. Da omi sí i, kí n rìn ín."

"Háà, Màmá! Ṣọ́ọ̀bù ni o, kì í ṣe balùwẹ̀."

"Ilé tèmi, omi wà níbẹ̀. Dà á."

Àǹtí Hamidat bú sẹ́rìn-ín, ó sì da omi. Lórí èyí tó ń dán, ẹsẹ̀ Màmá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Bọ̀dá Kàmál ló gbá a mú. Mo tọ́ka sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ṣákaṣàka yẹn, èyí tí èmi àti Bọ̀dá Kàmál ti fẹnu kò lé lórí láti oṣù kọkànlá.

"Èyí ni kí ẹ mú, Màmá. Kò lè yọ̀ láéláé."

Ó gun orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ tí a ń wọ́ nílẹ̀ ni, ìka rẹ̀ sì há sára táìlì náà. Ó wò mí.

"Ìwọ náà, ṣé o bi mí?"

Mo fa ọwọ́ tí mo fi tọ́ka sí i padà.

Ó bọ́ sórí ti àárín. Ó lọ, ó bọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yọ́ tẹ̀ lé ti òsì, kò há, kò sì yọ̀. Ó jáwọ́ lára Bọ̀dá Kàmál, ó tún lọ. Fóònù dún nínú àpò mi. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lójú rẹ̀.

"Màmá, Bọ̀dá Jídé ni."

"Jẹ́ kó máa dún," ni Màmá wí, omi sì ń ta pàà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo ṣì ń rìn."