Àga Tó Kọjú Síwájú

Ṣọ́ọ̀bù Muhydeen wà lọ́nà Polí ní Ṣakí, láàárín ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe àti ẹni tó ń ta ògì. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kì í tètè yé ènìyàn. Àwáwù, ìyá rẹ̀, kì í ṣe wàhálà àlàyé mọ́, bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ó ń bá àwọn tó ń lọ sókè òkun wá ọkọ̀." Irọ́ kọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwakẹ́mi ló ni ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò kan ní Ìbàdàn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó bá fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Yúróòpù, tí wọ́n fẹ́ máa fi ọkọ̀ ojú irin ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, Muhydeen ló ń bá wọn to ìrìn náà: ọkọ̀ wo, aago mélòó, ibo ni wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn. Òun alára kò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọyẹ́, Olúwakẹ́mi fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Wọ́n fẹ́ lo ọjọ́ méjìlá: Paris, Cologne, Munich, Vienna, kí wọ́n wá parí rẹ̀ sí Venice. Muhydeen ti to Paris sí Cologne tán kó tó ṣí ìwé ìrìnnà wọn láti kọ orúkọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ọkọ ni Samsudeen. Orúkọ ìyàwó ni Sodiqat. Ó wo àwòrán rẹ̀. Sodiqat ọmọ Òtù ni, ẹni tó yẹ kí òun fẹ́.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹbí Muhydeen lọ tọrọ rẹ̀. Bàbá ọmọ, tó ń kó èlùbọ́ lọ sí ẹnubodè, bi í níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?" Muhydeen ṣàlàyé títí. Bàbá náà ní ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tó ń jókòó ti ẹ̀rọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Sodiqat wà níbẹ̀, kò fọhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó pè é lórí fóònù pé kó má bínú. Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn.

Muhydeen ń retí kí àyà òun já. Kò já. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi kú tipiri: ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, àmọ́ kò mọ nǹkan kan lára. Ó gbé fóònù kó lè sọ fún Olúwakẹ́mi pé kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

"Muhydeen, ṣé kò sí wàhálà? Àwọn tọkọtaya yẹn ń kánjú o."

"Kò sí wàhálà, mà. Ẹ ó rí i gbà lọ́la."

Kò mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó kan Cologne sí Munich, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Sodiqat kì í lè kẹ́yìn sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń lọ sí Ìsẹ́yìn, àga tó kẹ́yìn sí awakọ̀ ló kàn án nínú bọ́ọ̀sì; wọn ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tó fi bì sínú ìborùn rẹ̀. Ibùdókọ̀ kan sì wà ní Frankfurt tí ọkọ̀ máa ń forí wọ̀, tí á sì fìdí jáde, tí ẹni tó kọjú síwájú á wá bá ara rẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn. Muhydeen fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó wá òmíràn tí kì í yà síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ jù ú lọ. Ó yan àga tó kọjú síwájú láti Paris títí dé Venice. Kì í ṣe ìfẹ́ ló mú un ṣe é, kì í sì í ṣe ìbínú. Ó ṣáà mọ̀ ni, kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn tó ti fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ pè é.

"Ọ̀gá yín ní Ìbàdàn ló fún mi ní nọ́ńbà yín," ohùn obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀. "Mo bi wọ́n pé báwo ni gbogbo àga wa ṣe kọjú síwájú. Wọ́n ní ẹni tó to ìrìn náà ní Ṣakí ni kí n bi." Ó wá pè é lórúkọ: "Muhydeen?"

"Èmi ni, mà."

"O mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo rí orúkọ yín nínú ìwé."

"Orúkọ yín kẹ̀? Èmi lò ń pè ní ẹ̀yin?"

"Oníbàárà wa ni yín, mà. Ní Cologne, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé ibùdókọ̀. Wọ́n máa ń yí ibi tí ọkọ̀ ti ń gbérò padà láìròtẹ́lẹ̀."

"Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà," ni Sodiqat wí.

Odindi ọdún méjì ni Muhydeen fi fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó dé wàyí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí kò bá onílé.

"Kò sí wàhálà, mà. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire."

"Àmín," ni Sodiqat wí. Ó pa fóònù.

Lọ́sàn-án, Àwáwù gbé oúnjẹ wá. Muhydeen jẹ ẹ́ tán. Ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"Ṣé ata ò pọ̀ jù?"

"Kò pọ̀, Màmá. Ó dáa."

"Ata tán nílé. Mi ò fi ata kankan sí i." Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Ìyá rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń tẹ̀ síwájú. Wọn ò tíì sọ ọ́ débì kan tí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Àwáwù ní kó dìde, kí àwọn lọ ṣe àlùwàlá.