Omi Inú Fíríìjì Kàfáyàtù

Kàfáyàtù kì í ṣe olè o. Ràódàt, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló fà á. Ọmọ náà ti ìrìn àjò dé, wọ́n sì ti ti yàrá ìwádìí yunifásítì rẹ̀ torí òpin ọ̀sẹ̀, ló bá wá sùn sílé wọn ní Des Plaines. Ó gbé ìgò omi kan sínú fíríìjì, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé ibi tóun ti bù ú jìnnà, kò sírú ẹ̀ ní Chicago. Kàfáyàtù ń sáré lọ sí shift, kò dúró gbọ́ ìyókù.

Omi wo ló tún jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà? Ó kọ́kọ́ bínú pé ọmọ yìí lọ Mẹ́kà láìdágbére. Ṣùgbọ́n orúnkún Sàláhúdéènì, ọkọ rẹ̀, ti ń dà á láàmú tipẹ́. Ni tọkọtaya bá kọjú sí kíbílà, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n mu ún. Nígbà tó kù díẹ̀, Kàfáyàtù bu omi mìíràn kún un, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Ràódàt gbé ìgò rẹ̀ padà sí yàrá ìwádìí.

Lọ́jọ́bọ̀, Ràódàt fi ìdùnnú pè é. Ó ní omi yìnyín lomi inú ìgò náà, láti orí òkè kan ní Alaska tẹ́nikẹ́ni kì í tẹ̀. Èérún rọ́bà tójú ò lè rí ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀. Ìwọ̀nba ló wà nínú àwọn ìgò yòókù, ṣùgbọ́n èyí tó sùn nílé Àǹtí kún fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn fẹ́ kí Ràódàt fúnra ẹ̀ dìde sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà onímọ̀ lọ́la.

Kàfáyàtù rántí omi tó bù kún un. Tó bá dákẹ́, ọmọ á fi irọ́ ba orúkọ ara ẹ̀ jẹ́. Tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ẹbí á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp. Ojú tì í, àmọ́ ó jẹ́wọ́.

Ràódàt bi í pé: “Àǹtí, omi wo lẹ bù sí i?”

“Omi gidi ni. Èyí tó wà nínú ìgò rọ́bà, tí à ń rà, tí à ń mu lójoojúmọ́.”

Ni ọmọ bá bú sẹ́rìn-ín. “Rọ́bà yẹn ò tórí òkè wá nìyẹn, Àǹtí. Inú yín ló wà.”

Kàfáyàtù wo páàkì ìgò omi tó tò dé ojú fèrèsé. Sàláhúdéènì ń jó bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, orúnkún ti yá, ó ní kó bá òun bi Ràódàt ìgbà tó tún ń lọ Mẹ́kà. Ni Kàfáyàtù bá nawọ́ mú ìgò omi kan, ó ṣí i.