Garawa Tí Èèyàn Méjì Gbé

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀, aránṣọ kan fa dúróà ẹ̀rọ rẹ̀ pé kí òun mú abẹ́rẹ́, ó sì bá páálí oògùn kan lábẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ òwú.

Dókítà ló kọ́kọ́ kọ oògùn náà fún un, kí ọkàn rẹ̀ lè máa dúró sójú kan. Ẹyọ kan láàárọ̀ ni wọ́n ní kó máa lò. Ìgbà tó rí i pé ó ń lé oorun lọ, ó di méjì, nígbà tó yá kò kà á mọ́. Yóò máa ránṣọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gba inú èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ kọjá, ó rán ṣẹ́ẹ̀tì náà parí kó tó wá omi fọwọ́. Ó ti pa oògùn náà tì láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó rò pé òun ti kó gbogbo rẹ̀ dà nù.

Aṣọ ilé-ìwé tó gbọ́dọ̀ kó fún ọ̀gá ilé-ìwé ní ọjọ́ kejì ga dé ojú fèrèsé. Bó bá gbé ẹyọ kan péré mì, iṣẹ́ náà yóò parí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pàdé nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù agẹrun, ti fún oníkálukú ní ẹnìkejì. Láràárọ̀, kí wọ́n tó bọ́jú, wọn yóò pe ara wọn lórí fóònù: "Òní nìkan. N ò ní lò ó." Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọ̀la. Ẹnìkejì aránṣọ yìí jẹ́ awakọ̀ tó ti fi oògùn kan náà wa ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn rí. Nísinsìnyí, ọkọ̀ tó ń kó aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ń wà, ó sì ń rọra wà á débi pé Bọ̀dá Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é.

Aránṣọ pè é lórí fóònù. "Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀ o."

"A ti kíra láàárọ̀ yìí ná. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ tún un sọ ni. Kò jáde lẹ́nu mi."

"Ibo ló wà?"

"Inú dúróà."

"Tì í pa. Lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mò ń bọ̀."

"Ṣé kí n máa retí yín lónìí, àbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Má dárúkọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òfin ẹgbẹ́ ni."

Nígbà tí Bọ̀dá dé, aránṣọ ní kó gba oògùn náà, kó lọ fi í fún ìyá olóògùn tó wà lópin òpópónà, tó máa ń gba oògùn tí èèyàn ò lò mọ́.

"Èmi kẹ̀? Kí èmi àti nǹkan yẹn nìkan wà nínú ọkọ̀? Ìlú mìíràn lẹ ó ti lọ wá mi."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fúnra mi nígbà náà."

"Ìwọ tọ́rọ̀ ò jáde lẹ́nu ẹ?"

Bọ̀dá fa dúróà náà yọ, ó sì da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú garawa: abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, oògùn, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bàa kàn án. Wọ́n jọ di ọwọ́ garawa mú. Aránṣọ ń sáré, Bọ̀dá ń rọra, garawa wá ń rìn ní ẹ̀gbẹ́kan.

"Bọ̀dá, ẹ yára."

"Kí ni wọ́n ń pè mí?"

Atúnbàtàṣe tó wà ní igun òpópónà wò wọ́n. "Kí lẹ gbé tó wúwo tó báyìí?"

"Abẹ́rẹ́ ni."

"Èèyàn méjì ló ń gbé abẹ́rẹ́?"

"Tiwa lágbára," ni Bọ̀dá wí.

Ìyá olóògùn ṣa páálí náà kúrò láàárín abẹ́rẹ́, ó sì tì í mọ́nú àpótí. Wọ́n tún jọ gbé garawa padà. Àárín ọ̀nà ni wọ́n tó rántí pé ẹnì kan lè dá a gbé. Kò sẹ́ni tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bọ̀dá jókòó, ó ní òun á bá a rán bọ́tìnnì. Èyí tó kọ́kọ́ rán, iwájú ṣẹ́ẹ̀tì ló rán pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

"Bọ̀dá, ọmọ wo ló máa wọ èyí?"

"Èyí tó bá tínrín."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kọ ẹ̀rọ. Wọ́n tú u, wọ́n tún un rán. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ.

"Iṣẹ́ ò tíì parí o, àbúrò."

"Oorun ń kùn mí," ni ó wí, bí ẹni tó ń ròyìn ọmọ tuntun.

Ó sùn. Láàárọ̀ Ẹtì, ó pe fóònù kó tó bọ́jú. "Òní nìkan. N ò ní lò ó."

"Èmi náà. Òní nìkan."

Ọ̀gá ilé-ìwé dé kí oòrùn tó mú. Ó wo èyí tí wọ́n ti rán, ó wo èyí tó kù.

"Ẹ kì í pẹ́ báyìí tẹ́lẹ̀."

"N kì í sùn nígbà yẹn, mà."

"Aṣọ ni mo béèrè, n ò béèrè oorun."

Ó ní kí àwọn tó bá a wá kó èyí tó ti parí, kí wọ́n sì gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Aránṣọ náà bá wọn dì í, kò sì bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé yẹn ò padà sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.