Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Orí Búrẹ́dì

Mo sùn lọ sórí àga lọ́sàn-án àná, àlá sì gbé mi dé ìlú kan létí òkun. Mo bá ara mi nílé ìyá àgbà kan, mo ń bá a po ìyẹ̀fun. Ará Améníà ni. Ogun ló lé àwọn òbí rẹ̀ débẹ̀. Mi ò béèrè ohun tó gbé èmi débẹ̀. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Araksí, ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè ìran wọn. Ìjọba ìlú fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ Sátidé yìí pa. Ọmọ náà ti ṣe ìwọ́de, ó ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọn ò dáhùn.

"Ṣé ọwọ́ òfo lo fi ń lọ bá wọn?" ìyá àgbà bi í. "Kọ ọ́ sórí búrẹ́dì."

Búrẹ́dì tiwọn fẹ̀ bí aṣọ ìbusùn, ó sì fẹ́lẹ́ bíi bébà. Araksí fi oyin kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí i lédè Améníà. A ká a, mo gbé e rù.

Òkè òrùlé ni ọ́fíìsì ìjọba ìlú léfòó sí. Àkàbà ní kí a rọra, orúnkún ń dun òun. A rọra.

Ọ̀gá ibẹ̀ de táì.

"O tún ti dé," ó wí.

"Mo tún ti dé, sà," Araksí dáhùn.

"Lọ́yà kékeré, jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ta ni wọ́n fẹ́ máa bá sọ èdè yẹn?"

"Ìyá mi àgbà."

"Ìyá rẹ àgbà ti darúgbó."

"Ìdí tí mo fi ń yára nìyẹn, sà."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ké mèé. Ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbóòórùn oyin, ó sì jẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà tán.

Omi lé ròrò sójú Araksí. Mo ní kó fara balẹ̀, kí oúnjẹ dà ná.

Òbúkọ fẹ́ sọ pé òun kọ̀. Èdè Améníà ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹjọ́ Araksí ló ń rò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń sọ. Ẹ̀rù bà á. Ó ń wò wá lójú.

"Tí ẹ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, sà," Araksí rọra wí, "ta ló máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín?"

Òbúkọ fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbà kí ilé-ẹ̀kọ́ náà máa lọ.

"Àárọ̀ Sátidé ni kíláàsì, sà," Araksí wí. "Ẹ má pẹ́."

Fóònù ló jí mi. Àrínọlá ni, ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n bí sí Tòróńtò.

"Ẹ... káàárọ̀, Bàbá àgbà." Ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún.

Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ mi. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," mo wí. "Tún un sọ."