Àmì Orí Ọkọ̀

Ìyàwó mi kú kí n tó gé fíìmù náà tán. Òun ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí i.

Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Fíìmù àwọn ẹlòmíràn ni mo ń yà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ìyàwó mi ní kí n ya ọ̀kan tó jẹ́ tèmi kí ojú mi tó fọ́. Mo bi í pé ta ni yóò ṣe eré inú rẹ̀. Ó ní òun ńkọ́. Mo ní kò mọ eré í ṣe. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra ni òun ti ń ṣe bí ẹni pé n kì í hanrun, pé ta ló tún mọ eré ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn inú fíìmù náà kò le. Obìnrin kan ń fi ọkọ̀ kékeré gbé èèyàn sọdá odò. Wọ́n wá ń kọ́ afárá sí òkè odò náà. Bí afárá ṣe ń gùn sí i ni èrò inú ọkọ̀ ń dín kù. Nígbẹ̀yìn, obìnrin náà nìkan ló kù, ó sì ń tù ú lọ. Ìyá Etídò ni wọ́n ń pè é nínú eré náà. Mo sọ fíìmù ọ̀hún ní Ọkọ̀ Ìyá Etídò.

Níbi tó parí sí, ọkọ̀ gúnlẹ̀, ìyàwó mi gbójú sókè, ó wo inú kámẹ́rà, ó ní, "Ó tó. Gbé e kalẹ̀, wá jókòó." Èmi ló ń bá wí. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ní kí n yọ ọ́, pé òṣèré kì í wojú kámẹ́rà. N kò yọ ọ́.

Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i. N kò wá nǹkan mìíràn.

Nílùú wa, ọkùnrin kan ló ni ìwé ìròyìn tí gbogbo èèyàn ń kà. Òun ló ni rédíò. Òun ló ni tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá ó ra àwọn ilé sinimá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù tirẹ̀. Onígbogbo-ẹ̀ ni aráàlú ń pè é. Wọ́n ní kì í bínú sí i, pé orúkọ náà tilẹ̀ dùn mọ́ ọn. Tó bá ya fíìmù, ìwé ìròyìn rẹ̀ á ní ó dára. Rédíò rẹ̀ á ní ìwé ìròyìn sọ pé ó dára. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ á wá fi àwọn tó tò síwájú sinimá rẹ̀ hàn. Àwọn tó tò kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gbọ́ pé ó dára.

Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni kò tíì rà. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Òpó la máa ń pè é, nítorí pé ó ga, kò sì lẹ́ran lára. Gbọ̀ngàn náà ti gbó. Àga wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá jókòó sí i, ilẹ̀ lo máa bá ara rẹ. Òpó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bí èèyàn bá wá, ká máa bá a lọ. Bí wọn ò bá wá, òun á ti ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí Onígbogbo-ẹ̀ ti fẹ́ ra ibẹ̀, ó sì ti ń rẹ òun láti máa sọ pé rárá.

Ẹni tó bá wa tẹ pátákó kò fi àmì kankan sí i. Ó ní ẹ̀rọ òun kò ní in. OKO IYA ETIDO ló tẹ̀. Ẹnìkan tó ń kọjá lọ bi wá bóyá eré àwọn àgbẹ̀ ni. Mo gbé àkàbà, mo mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, mo gùn ún lọ sókè. Mo fi àmì ìsàlẹ̀ sí ọ méjèèjì. Mo wá fa ìlà kékeré tó dagun sórí èkejì, nítorí pé láìsí ìlà yẹn, ọkọ̀ ti di ọkọ. Òpó di àkàbà mú nísàlẹ̀. Ó ní ta ló máa wo ìyẹn. Mo ní èmi.

Mo lọ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Olóòtú abala eré jẹ́ ọmọbìnrin kan tó mọ ìwà hù. Ó fún mi lómi. Ó wo fíìmù náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì nu ojú lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ní kò sí ààyè lọ́sẹ̀ yẹn, pé fíìmù tuntun tí ọ̀gá àwọn yà ń jáde. Mo bi í bóyá ọ̀gá ló ní kí wọ́n má gbé tèmi. Ó ní rárá o, ọ̀gá kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà láyé. Òtítọ́ ló sọ. Bákan náà ni wọ́n wí ní tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó lé mi. Gbogbo wọn ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, obìnrin ni, ìròyìn ló ń kà ní rédíò Onígbogbo-ẹ̀. Ó ní òun á sọ̀rọ̀ fíìmù ìyá òun tí òun bá ka ìròyìn tán, kí wọ́n lé òun tó bá wù wọ́n. Mo ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. A ò sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kìíní, àwọn tó wá kò kún ìlà àga kan, ìbátan sì ni púpọ̀ nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀. Èmi àti Òpó la wò ó. Òpó sùn lọ. Lọ́jọ́ kẹta, èmi nìkan ni. Mo jókòó sẹ́yìn. Ìyàwó mi ń tukọ̀ lára ògiri, ó tóbi ju ilé lọ, gbogbo àga tó wà láàárín wa sì ṣófo. Nílé, ẹ̀gbẹ́ kan ibùsùn ló ṣófo. Èyí pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ọmọ mi kò sọ nǹkan kan lórí rédíò, bí mo ṣe wí. Ṣùgbọ́n ó ti yọ́ kọ orúkọ fíìmù náà sínú ohun tí wọ́n máa ń kà láàárọ̀ nípa ibi téèyàn lè lọ gbafẹ́. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kẹrin. Ẹlòmíràn ló kà á, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi. Kọ̀ǹpútà tiwọn náà kò mọ àmì. Mò ń se ẹyin nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọkọ Ìyá Etídò," ló pè é. Ó wá ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta wá ni ọkọ ìyá yìí? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí ìyá ló ń bọ́ ọ?"

Ó ní kí àwọn olùgbọ́ tẹ òun láago. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago. Obìnrin kan ní ọkọ ìyá òun ti ń wá iṣẹ́ láti ìgbà tí òun ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé iṣẹ́ ọ̀hún ló ń sá fún un. Ọkùnrin kan ní òun ni ọkọ ìyá ẹnìkan, kí wọ́n jọ̀wọ́ rọra. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìlú ti ń sọ ọ́. Omi gbẹ mọ́ ẹyin mi.

Gbọ̀ngàn kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn kan dúró. Òpó ń sáré kiri, ó ń kan ìṣó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ẹ̀rín ni wọ́n wá rín, wọ́n sì kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Gbogbo ọkùnrin tó bá wọ ọkọ̀, wọ́n á súfèé sí i, wọ́n rò pé òun ni. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Irú ìdákẹ́ yẹn kò dára. Ọkùnrin kan dìde nílà iwájú. Mẹkáníìkì ni, ọ́ìlì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Ọkọ ìyá yìí dà?" ló wí. "A ti sanwó o."

Ẹlòmíràn ní ó ti sá lọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo wà nílà ẹ̀yìn.

Púpọ̀ nínú wọn jáde kó tó parí. Wọn ò rí ibi tó ti gbójú sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Onígbogbo-ẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Yàrá rẹ̀ tutù. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ lára ògiri láìsí ohùn. Ó dìde kí mi. Mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ ẹnu mi ń pè é ní ẹ̀yin. Bí yàrá náà ṣe rí nìyẹn.

Ó ní òun ti wo fíìmù náà, kò sì parọ́, nítorí ó dárúkọ àwọn ibi tó dùn mọ́ ọn. Ó ní òun á gbé e sí gbogbo sinimá òun. Ìwé ìròyìn á kọ ọ́, rédíò á sọ ọ́, tẹlifíṣọ̀n á fi í hàn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìlú fi mọ̀ ọ́n ni yóò máa jẹ́. Àwọn á mú aláwàdà kan, kó ṣe ọkọ, kó máa sùn létí odò, kó máa pariwo oúnjẹ. Kí ìyẹn lè rí ààyè, àwọn á gé díẹ̀ nínú ibi tí ìyá ti ń tukọ̀.

"Ibi tó ti wo kámẹ́rà yẹn, Bàbá, àwọn ọmọ mi ní àṣìṣe ni. A ó yọ ọ́."

Mo bi í bóyá àwọn lè fi àmì sórí ọkọ̀.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bàbá, ìgbà tí àmì yẹn já bọ́ lẹ rí èèyàn."

Òtítọ́ ni. Ì bá rọrùn ká ní ìkà ni. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ bá ọmọ mi sọ ọ́.

Ọmọ mi wá sílé nírọ̀lẹ́. Àga ìyá rẹ̀ ló jókòó sí, kò sì mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí nítorí ọ̀rọ̀ rédíò. Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo sọ ohun tí Onígbogbo-ẹ̀ wí fún un, mo sì dárúkọ aláwàdà náà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Màmá á ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ọkọ tó rẹwà fún òun. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

"Gbogbo ìlú ló máa rí i, Bàbá."

"Ta ni wọ́n máa rí?"

Ó dìde, ó lọ fọ àwọn abọ́ tí mo ti fọ̀. Mo bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n má fi ti òun ṣe.

Mo pe Onígbogbo-ẹ̀, mo ní rárá. Kò bá mi jiyàn. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Láti ìgbà náà, rédíò kò dárúkọ fíìmù náà mọ́. Ẹnu-Ò-Sinmi ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn. N kò rò pé ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún òun náà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ pé, Òpó dúró dè mí níwájú gbọ̀ngàn. Ó ní òun ti gbà láti tà á. Bàtà rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, bàtà ọ̀hún sì jìnnà sí i. Mo ní ó gbìyànjú.

Àwọn tó wá kò pọ̀. Mẹkáníìkì náà wà nínú wọn, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ náà ló wọ̀. Ìlà iwájú ló tún jókòó sí. Mo rò pé ó wá gba owó rẹ̀ padà ni. Ó wò ó títí afárá fi parí. Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ìyàwó mi gbójú sókè.

"Ó tó. Gbé e kalẹ̀, wá jókòó."

Òpó tan iná. Àwọn yòókù jáde. Mẹkáníìkì jókòó síbẹ̀. Ó wá yíjú padà, ó wo gbogbo àga tó ṣófo títí ojú rẹ̀ fi bá mi lẹ́yìn. Ó dìde, ó rìn wá bá mi. Ó ní òun ti jáde kó tó parí lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ wá, pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ àwọn ló sọ fún òun pé ìyá náà bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ níparí. Òun fẹ́ mọ ẹni náà.

Ó wò mí.

"Ẹ̀yin ni ọkọ," ló wí.

Bó ṣe pè é, kò sí àmì lórí rẹ̀. Ó pè é bó ṣe yẹ.

Mo ní èmi ni.

Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ó jáde lọ.

Òpó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Mo ní kó má bínú. Mo fẹ́ jókòó díẹ̀ sí i.